Bí A Ṣe Lè Rí Ìwé Tí Yóò Tu Ọkàn Lára Nígbà Ìdààmú

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè ka odidi ojú ìwé kan tán láìmọ ohun tí ó kà. Nítorí náà, ìwé tí ọkàn tó ti rẹ̀ lè gbé ni kí a wá fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìbáà má jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń yìn.

Ìwé tí ẹ ti kà rí ni mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́kọ́ mú. Lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ìwé tuntun mẹ́ta ni mo ṣí tí mo sì tún pa dé, kí n tó fa Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ yọ nínú àpótí. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àbààwọ́n epo pupa tó ta sí i nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ti mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ, ẹ̀rù ohun tó kàn kò bà mí, mo sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ó bá jẹ́ pé tuntun ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí i sí àárín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ka ìpínrọ̀ méjì sí etí ara yín. Bí ahọ́n bá ń kọsẹ̀, ẹ dá a padà. Ìwé tí orí rẹ̀ kúrú dára fún ẹni tó ń ti Nyanya wọ ìlú láràárọ̀, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ sì ń dá dúró. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè dúró ná, nítorí ìdágìrì inú rẹ̀ a máa lé oorun lọ. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 kún fún ewu lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu ara rẹ̀ rò ó, a sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó ti inú igbó náà bọ̀ láàyè. Ní ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí a má ṣe fi ìwé tí kìkì ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ lọ̀ ọ́. Èyí tí ẹnìkan ti sunkún nínú rẹ̀, tó sì tún jẹun lọ́jọ́ kejì, ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ìwé Yorùbá kò pọ̀ lórí àtẹ ní Àbújá. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí yín, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ní i nílé tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ rẹ̀. Bí kò bá sí, Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ wà. Ẹ bẹ ẹbí kan níbẹ̀ kí ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní gáréèjì Jabi. Ẹ kọ orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó má baà ra òmíràn.