Bí mo ṣe wá ẹkùn dé igbó Ranthambore

Ẹkùn abìlà, èyí tí wọ́n ń pè ní táígà, kò sí nínú igbó Áfíríkà kankan. Éṣíà ni ilé rẹ̀, India ló sì pọ̀ sí jù lọ: kíkà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 2022 fi iye wọn sí nǹkan bíi 3,682. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kí àbúrò mi tó ń kàwé ní Delhi, mo ti sọ fún un kí n tó wọ bàálù pé Taj Mahal kọ́ ni mò ń bọ̀ wá wò, ẹkùn ni, ní Ranthambore, igbó tí ìjọba ń dáàbò bò ní ìpínlẹ̀ Rajasthan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yáa tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà o."

Òótọ́ ló sọ. Iye ọkọ̀ tó ń wọ igbó lẹ́ẹ̀kan ní gbèdéke, àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ sì pọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti rà á, lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Rajasthan. Wọ́n gba nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù mi, nítorí náà mo mú pásípọ́ọ̀tù ọ̀hún dání lọ. Àlejò ń san ju ọmọ India lọ dáadáa, èyí kò sì dùn mí. Àwọn ni wọ́n ń bá ẹkùn gbélé, tí ẹkùn ń pa màlúù wọn jẹ.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà. Jíìpù tí wọ́n ń pè ní Gypsy ń kó èrò mẹ́fà. Canter, tó tóbi gan-an, ń kó ogún. Ẹ gba jíìpù bí owó bá tó o. Wọ́n pín igbó náà sí apá mẹ́wàá, apá kẹta ni mo sì ń lé, torí ibẹ̀ ni àwọn adágún Padam Talao àti Rajbagh wà. Níbi omi ni ẹran ti ń mu omi, ibi tí ẹran bá sì wà ni ẹkùn ń wá.

A wọ rélùwéè láti ibùdókọ̀ Hazrat Nizamuddin ní Delhi lọ sí Sawai Madhopur, ìlú tó sún mọ́ igbó náà, bíi wákàtí mẹ́rin. Oṣù kìíní ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé India kì í tutù! Jíìpù kò lórùlé, kò tíì mọ́ tán tí a fi gbéra, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú suwẹ́tà wọlé. Àwọn tó ni ilé tí a sùn fún wa ní búláńkẹ́ẹ̀tì, mo sì fi wé orí bíi ìyá arúgbó tó ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀.

Láàárọ̀ yẹn, a rí àgbọ̀nrín lóríṣiríṣi, a rí ọ̀kín, a rí ọ̀nì tó ń yáàrùn létí omi, a sì rí igi ọ̀dán ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jogi Mahal, ilé àtijọ́ kan nínú igbó náà, tí ìtàkùn igi ọ̀hún ti di ẹsẹ̀ àìmọye. Ẹkùn nìkan ni a kò rí. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ la bá lórí iyẹ̀pẹ̀. Afinimọ̀nà wa ní ti akọ ni, torí ó gbòòrò. Ti abo máa ń gùn díẹ̀.

Ọ̀sán ni mo tó mọ̀ pé etí ni wọ́n fi ń wá ẹkùn. Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀bọ langur kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti orí igi. Afinimọ̀nà kò mira. Àgbọ̀nrín chital, àwọn tó ní àmì funfun lára, ké tẹ̀ lé e. Afinimọ̀nà kàn mirí, ó ní ìyẹn máa ń ké sí ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà ni sambar, àgbọ̀nrín ńlá, han lẹ́ẹ̀kan, ó tún han. Ọkùnrin náà fò dìde, ó lu èjìká dírẹ́bà: sambar kì í ké lásán. Àbúrò mi fà mí láṣọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ yẹn?"

Ó jáde láti inú koríko gbígbẹ tí mo ti ń wò látìgbà náà tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ìlà ara rẹ̀ ṣe ń parẹ́ sínú koríko, ó yà mí lẹ́nu. Abo ni. Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó tọ̀ sára igi láti fi sààmì ilẹ̀ rẹ̀, ó sì gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá láìwo ẹnikẹ́ni. Èrò inú ọkọ̀ kan ń pariwo kí ó lè wẹ̀yìn fún fọ́tò. Irú wọn ni kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó wọ igbó.

Afinimọ̀nà sọ fún wa nípa Machli, abo ẹkùn tó jọba létí adágún wọ̀nyí, tó bá ọ̀nì jà, tó sì kú lóṣù kẹjọ 2016. Igbó yìí ti jẹ́ ibi ìdẹ àwọn ọba Jaipur rí, kó tó di ọ̀kan nínú àwọn igbó mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí India yà sọ́tọ̀ fún ẹkùn ní 1973. Nígbà tí àwọn ọdẹ olè pa gbogbo ẹkùn igbó Sariska tán, láti ibí ni wọ́n ti fi hẹlikópítà gbé òmíràn lọ síbẹ̀ ní 2008.

Lọ́jọ́ kejì a gun òkè lọ sí odi àtijọ́ Ranthambore, tó wà lára àwọn odi Rajasthan tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, fi sára ogún àgbáyé ní 2013. Ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì jíìpù fún ìyẹn. Ẹ kan di oúnjẹ yín mọ́ra, torí ọ̀bọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, wọ́n máa ń ti apá kìíní sí ìkarùn-ún láti oṣù keje títí di òpin oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ó dára jù láti rí ẹkùn, nítorí omi ti gbẹ níbi púpọ̀, àmọ́ oòrùn ìgbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa.