Bí mo ṣe gbé táńkì omi sórí kọ̀nténà láì jẹ́ kó fara kan òrùlé

Kọ̀nténà ẹsẹ̀ bàtà 20 kan ni mo sọ di ibi iṣẹ́. Ó ku táńkì omi onílítà 1,000, mo sì ti pinnu pé àárín òrùlé ni yóò jókòó sí. Ṣebí wọ́n ń to kọ̀nténà jọ lérí ara wọn nínú ọkọ̀ òkun, tó ń ga fíofío? Kí ni táńkì kan ṣoṣo fẹ́ fi òrùlé ṣe?

Mo gun àkàbà. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ tẹ àárín páànù báyìí, ó dún gbò! Ó wọnú. Mo gbẹ́sẹ̀, ó tún dún, ó padà sípò. Wẹ́dà tí mo pè ń wò mí láti ìsàlẹ̀, ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbòrí lásán lẹ dúró lé yẹn o. Igun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Páànù òrùlé náà kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Ìdánwò tí ìlànà ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo ayé, là sílẹ̀ fún un ni pé kó gba kìlógíráàmù 300 lórí àyè tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30. Ìwúwo òṣìṣẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin nìyẹn. Omi lítà 1,000, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́ bíi òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń gun ara wọn lórí òkun ńkọ́? Irin oníhò tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ń jókòó lé ara wọn, òpó igun ló sì ń gbé ẹrù náà wálẹ̀. Òrùlé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Mo ti ṣe àṣìṣe mìíràn kí wẹ́dà náà tó dé. Mo ti gé ògiri ẹ̀gbẹ́ fún fèrèsé, ó fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀. Àṣé ògiri yẹn ló ń ran irin etí òkè lọ́wọ́! Nígbà tí a na okùn láti igun dé igun, irin náà ti tẹ̀ wálẹ̀ tó ìka kan lókè fèrèsé. A fi jáàkì gbé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá okùn dọ́gba, a wá jó páìpù onígun mẹ́rin yí ojú fèrèsé ká. Odindi ọjọ́ kan ló gbà. Ká ní mo ti jó férémù náà mọ́ ọn kí n tó gé e ni, ọ̀sán kò ní tíì pọ́n tí a ó fi parí.

Ọ̀rọ̀ kan táńkì. A gbé irin I-beam kan, irin gbọọrọ tí ojú rẹ̀ rí bíi lẹ́tà I, dábùú lórí igun méjèèjì tó wà lẹ́yìn. Èkejì, mítà kan síwájú, kò rí igun jókòó lé, nítorí náà a ri òpó irin méjì mọ́ ìta ògiri, lórí kọ́ńkéré tiwọn. A fi àwo irin há abẹ́ méjèèjì kí ìka méjì lè kọjá láàárín wọn àti òrùlé. Ibi tí iná ti jẹ ọ̀dà, a tún un kùn lọ́jọ́ náà kó má baà dógùn-ún.

Mo ní kí wọ́n má rọ omi kún táńkì náà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dé ìdajì, mo gun òkè lọ wò ó. Nígbà tó kún, mo tún gun un. Mo ki ìka méjì bọ abẹ́ irin. Ó fún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọjá.