Bí a ṣe mọ̀ pé ó ti tó àkókò kí Màámi lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó

Ọmọ Òmù-Àrán ni wá, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ní Tánkẹ̀ nílùú Ìlọrin níbí ni Màámi ń gbé látìgbà tí Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí àgbàlagbà máa gbàgbé nǹkan, ti mú wọn. Ìgbàgbé kọ́ ló lé wa dé ìdí ilé ìtọ́jú o. Kí wọ́n fi orúkọ àbúrò wọn pè mí, kí wọ́n bi mí ní nǹkan kan náà látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ò ní kí n má sùn. Òru ni wàhálà wà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí ara wọn ò ní balẹ̀ mọ́, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, ìyá àwọn ń retí àwọn, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn ti kú kí wọ́n tó bí èmi.

Nígbà tó le sí i lójijì, ọsibítù la kọ́kọ́ gbé wọn lọ, torí àrùn inú ìtọ̀ lásán lè da orí àgbàlagbà rú láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn míì náà lè ṣe é. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Donepezil, oògùn Alzheimer tí Màámi ń lò náà, dókítà ní ó lè jẹ́ kó rọrùn díẹ̀ ni, kò lè wò ó sàn.

Ni mo bá ra ìwé kékeré kan, mo gbé e sórí fíríìjì, ẹni tó bá jí lóru kó kọ ohun tójú ẹ̀ rí. "Aago méjì, Màámi gbé kẹ́tù àlùwàlá oníke ka iná gáàsì, ó ti yọ́." "Gétì ṣí, ọlọ́kadà ló bá wọn ní Tìpà, wọn ò wọ bàtà." A kọ tiwa náà sí i, ẹ̀yìn tó ń dun ọmọ mi tó ń gbé wọn wọ balùwẹ̀, BP mi tó ń lọ sókè.

Bùrọ̀dá mi ní Èkó ló kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹ̀sín ìdílé ni. Mo ya ìwé yẹn ní fótò sí WhatsApp ìdílé, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa sùn. Wọ́n wá lóòótọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi ń béèrè pé èló ni wọ́n ń gbà nílé ìtọ́jú.

Ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ wo àwọn ilé náà, láìsọ tẹ́lẹ̀, torí ilé wo ni kì í dáa láàárọ̀? A béèrè ẹni mélòó ló ń ṣọ́ wọn lóru, bóyá wọ́n ń de èèyàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, àbí oògùn oorun ni wọ́n fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Pálọ̀ ibì kan dùn ún wò, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lóru, a yáa bá tiwa lọ. Èyí tá a wá mú ò rẹwà tó yẹn, ṣùgbọ́n Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló kù lẹ́nu Màámi báyìí, ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó jẹ́ ará Àjàṣẹ́-Ìpo kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ń fi Ìgbómìnà dá wọn lóhùn. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ọmọ ta ni.

Àárọ̀ la gbé wọn lọ, torí ara wọn máa ń balẹ̀ nígbà yẹn, pẹ̀lú ẹní wọn, tẹ̀sùbáà àti ìró tó ti gbó yẹn. Àwọn kan ládùúgbò ń sọ pé a ti lọ ju ìyá wa nù. Kí wọ́n wá gba iṣẹ́ gétì ṣíṣọ́ lóru nígbà náà. Àsìkò oúnjẹ ni mo máa ń yọjú, mo máa ń wo èékánná wọn, mo máa ń tú ẹ̀yìn wọn wò bóyá egbò ti ń yọ. Bùrọ̀dá ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù.