Kílò 10 kúrò lára mi, iyán ò kúrò nínú abọ́ mi

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nílùú Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ojú irin, téèpù sì máa ń wà lọ́rùn mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo obìnrin àdúgbò ni mo mọ ìwọ̀n ìbàdí wọn sórí, tèmi gan-an ni mi ò mọ̀.

Oṣù kejì ọdún tó kọjá la fẹ́ ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi, wọ́n mú aṣọ ẹbí, mo gé tèmi, ìwọ̀n àtijọ́ tó wà nínú káyé mi, ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí, ni mo fi gé e torí mo rò pé bí mo ṣe wà náà ni mo ṣì wà. Mo rán an tán, mo wọ̀ ọ́, síìpù dé àárín ẹ̀yìn, ó dúró síbẹ̀. Mo fa ikùn wọlé, ọmọ iṣẹ́ mi ń fà á lẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà, àfi pàú, orí síìpù já sí i lọ́wọ́. Ó ní "Pàtúrọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, bóyá síìpù yìí ni ò dáa." Síìpù tí èmi fúnra mi yàn lọ́jà! Mo ní kó lọ bá mi ra òwú, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú téèpù, mo fi yí ikùn mi po. Sẹ̀ntímítà 112. Mo tún un wọ̀n, mo ní bóyá téèpù lọ́, 112 náà ni.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ gun ìwọ̀n lọ́sibítù. Kílò 96. Mítà 1,63 ni mo ga, dókítà obìnrin tó ń wọ̀n mí wá fi gíga mi pín kílò yẹn, ó tún fi í pín in lẹ́ẹ̀kejì, ó ní 36 ló bọ́ sí, pé tó bá ti tó 25 èèyàn ti ń sanra jù, tó bá tó 30 àìsàn ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 15 lórí 9, èyí tí àwọn míì ń pè ní 150 lórí 90. Ó ní òun ò ní tíì kọ oògùn, pé tí mo bá lè sọ ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara mi kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà lè bá a wálẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ lórí zẹ́m, ọ̀kadà wa, ìyẹn á jẹ́ kílò márùn-ún sí nǹkan bíi mẹ́wàá. Mo ní hà, èyí ò mà le.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò jẹ iyán mọ́. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ o! Ọ̀pẹ̀ òyìnbó láàárọ̀, sàlátì lọ́sàn-án, ẹ̀wà díẹ̀ lálẹ́ láìsí gààrí. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi ṣe é, gbogbo ọjọ́ yẹn, tí aago méjìlá bá ti ku díẹ̀ kó lù, ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́yìnkùlé, òdó bíi mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi sì jókòó sídìí máṣìnnì mò ń ran apá aṣọ mọ́ ibi tí ò yẹ. Ọjọ́ kẹrìnlá, a lọ síbi òkú, wọ́n gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní, sí. Mi ò lè sọ iye tí mo jẹ, ohun tí mo mọ̀ ni pé mo jẹ tèmi, mo tún bá ọmọ tó jókòó tì mí jẹ tiẹ̀. Mo délé, mo tún bu ẹ̀pà, mo ní ṣebí ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, kí n kúkú jẹ ẹ́ kó tán. Ọ̀rọ̀ "ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn" yìí ti bá mi jẹun ju àlejò èyíkéyìí lọ nílé mi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnìkan ta tíì kan fún mi nínú táksì, wọ́n ní ó ń fọ ikùn. Ẹ jẹ́ n má sọ púpọ̀. Ṣáláńgá ni mo ń sáré lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, kílò méjì lọ, omi lásán ni, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti padà sílé.

Ibi tí ojú mi ti là ni ọjọ́ kan tí oníbàárà kan ní kí n kàn gé aṣọ fóun, pé kò sídìí láti wọ̀n ọ́n, kí n ṣáà fojú wò ó. Mo ní rárá o Tántí, mi ò kì í gé aṣọ láì wọ̀n ọ́n. Bó ṣe jáde ni mo ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe oúnjẹ ni mò ń gé láì wọ̀n ọ́n yìí. Mo ṣí ẹ̀yìn káyé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò yí nǹkan kan padà nínú bí mo ṣe ń jẹun, mo kàn ń kọ ọ́ ni. Títí kan èyí tí mo fi tọ́ ọbẹ̀ wò.

Lójú mi iyán lọ̀daràn. Lọ́jọ́ keje mo kà á, iyán wọbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin péré. Ẹ̀pà díndín, ìgbà 19. Agolo ẹ̀pà kan ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì mi, bí òwú bá já mo bù, bí iná bá lọ mo bù kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mi ò sì kà á sí oúnjẹ, eré ọwọ́ ni, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 100 ẹ̀pà lé ní kálórì 550. Súkúrérì, ìyẹn ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ìgò mẹ́jọ, torí oníbàárà tó bá fẹ́ kí n tètè parí aṣọ òun á mú ìgò tútù kan dání, ta ló máa kọ̀ ọ́? Ìgò 33 cl kan nínú èyí tó dúdú yẹn ní ṣúgà tó gíráàmù 35, bíi hóró ṣúgà méje, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ì bá dáa kí àgbàlagbà má kọjá nǹkan bíi 25 lójúmọ́. Àwa tí ìrèké ń hù lẹ́bàá ìlú wa, a ò rí ṣúgà sí nǹkan kan.

Epo ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Mo mú ìgbakọ tí mo máa fi ń bu òróró sí ọbẹ̀, mo bu omi kún un, mo wá ń fi ṣíbí ìjẹun ńlá bù ú jáde, mẹ́fà. Ṣíbí òróró kan tó kálórì 120. Iyán tó tó ìkúùkù mi, tí mo bá fojú bù ú sí gíráàmù 200, bíi 240 ni, torí iṣu àti omi náà ló jẹ́. Ìyẹn ni pé ṣíbí òróró méjì àti ẹyọ iyán kan, ọgbọọgba! Ìgbakọ méjì ni mo sì máa ń dà sínú ìkòkò, tí n ó tún wá din wàgáṣì lọ́tọ̀.

Báyìí ni mo ṣe wá ṣe é. Mo bi ara mi léèrè ohun tí mi ò lè fi sílẹ̀ láéláé, mo rí mẹ́ta: iyán, wàgáṣì, àti bíà tútù kan lọ́jọ́ ìsinmi. Gbogbo èyí tó kù, mo lè bá wọn dọ́gbọ́n sí i. Súkúrérì ò tiẹ̀ dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kí wọ́n bá mi ra omi tútù tàbí ọsàn dípò ẹ̀, àwọn kan bínú, àwọn kan tiẹ̀ dúpẹ́ torí ó dínwó. Agolo ẹ̀pà, mo gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì lọ sínú ilé, tó bá wù mí mo ní láti dìde lọ bù ú, ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n jókòó jẹ ẹ́ láìṣe nǹkan míì. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà tó pọ̀ jù mi ò kì í lè dìde.

Iyán wá di Ọjọ́rú àti ọjọ́ ìsinmi. Kì í ṣe iyán àjẹkù o, mi ò jẹ èyí tó ti dì. Tí mo bá máa jẹ ẹ́, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lódò, tó ń yọ èéfín, tó fà bí ọwọ́ bá kàn án, tí kò ní kókó kan ṣoṣo nínú. Tí àsìkò bá tó, làbókò ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, iyán ẹ̀ funfun báláú. Ẹyọ méjì tó tó ìkúùkù mi, nínú abọ́ tèmi lọ́tọ̀. Mo kọ́kọ́ ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbọ̀má tó pọ̀ àti ẹja, kí n tó fọwọ́ kan iyán, tí mo bá sì jẹ ẹyọ kan tán màá fọwọ́, màá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ilé ìwé títí bí ogún ìṣẹ́jú á fi lọ, torí ikùn kì í tètè ránṣẹ́ pé òun ti yó. Ìgbà míì mo máa ń jẹ ìkejì. Ìgbà míì ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Wàgáṣì, mi ò fi òróró dín in mọ́, mo ń gé e sínú ọbẹ̀ kó mu omi ata, ṣíbí òróró mẹ́rin sì ni fún ìkòkò odindi, èèyàn mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọkọ mi ní ọbẹ̀ yìí ń ṣàìsàn. Mo fi irú àti àlùbọ́sà kún un, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Abọ́ ọ̀tọ̀ yẹn ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ o. Nílé ọkọ mi, àjọjẹ la máa ń jẹ, èmi àtàwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bu tèmi sọ́tọ̀, Ìyá wò mí, wọ́n wo abọ́, wọ́n ní "Ìyàwó mi, kí la fi ṣẹ̀ ọ́?" Mo kúnlẹ̀, mo ní Ìyá, ẹ má bínú, dókítà ló ní kí n máa wọn oúnjẹ, nínú abọ́ àjọjẹ mi ò lè mọ iye tí mo jẹ. (Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, Ọlọ́run á dárí jì mí.) Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún tí ojú mi ti ń kéré, wọ́n tún pè mí sí yàrá, wọ́n ní àwọn èèyàn á sọ pé ọmọ àwọn ò fún mi lóúnjẹ, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí tí mò ń fi pamọ́? Mo fi ìwé ọsibítù hàn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti di 13 lórí 8, wọn ò mọ̀wé ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló pa àbúrò wọn. Láti ọjọ́ yẹn Ìyá fúnra wọn ló ń bu tèmi, wọ́n á sì fi ojú wọn wọ̀n ọ́n, ọwọ́ wọn le ju tèmi lọ!

Mo tún ń rìn. Aago mẹ́fà àárọ̀, láti ilé dé ìsàlẹ̀ òkè kí n sì padà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń béèrè pé ta ló kú.

Oṣù kẹfà kò sí ohun tó lọ. Kílò 90 láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí dópin ẹ̀, mo fẹ́ gba wèrè, mo ti ń ronú láti yọ iyán Ọjọ́rú kúrò. Mo padà sí ẹ̀yìn káyé, mo tún kọ ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i pé àkàrà ti ń wọlé láàárọ̀ lọ́nà ibi tí mo ti ń rìn bọ̀, mẹ́rin, márùn-ún, torí mo ń sọ pé ṣebí mo ti rìn. Mo dín in sí méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ tí ò ní ṣúgà, ìwọ̀n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Iyán Ọjọ́rú wà níbẹ̀.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni oṣù kẹjọ, iṣu tuntun. A ní àna ní Savalou, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣọdún iṣu níbẹ̀, èèyàn ò ní lọ síbẹ̀ kó lọ máa ka ẹyọ iyán níwájú àna. Mi ò kà á. Mo jẹ mẹ́rin, mo jẹ wàgáṣì díndín, mo mu bíà méjì, ijó tí mo jó lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo jí, mo ń retí kí "ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn" yẹn dé, kò dé. Mo jẹ ẹ̀kọ, mo lọ rìn, Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e mo jẹ ẹyọ méjì mi.

Ìparí oṣù kẹjọ mo gun ìwọ̀n: kílò 86. Téèpù ní 101. Oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ló gbà mí, ó pẹ́ díẹ̀, mi ò bínú sí i. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó kọ́kọ́ bi dókítà ẹ̀ kó tó yí oúnjẹ padà o, torí oògùn yẹn àti oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Aṣọ ẹbí yẹn, mo ti tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì fún ọjọ́ ìgbéyàwó, mo fi ankárá tó kù lẹ́bàá kún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo mú un jáde, mo yọ àfikún yẹn, mo fún un mọ́ra, síìpù gùn láìsí ẹni tó fà á. Ọmọ iṣẹ́ mi mú sísọ́ọ̀sì pé kóun gé aṣọ tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀gbẹ́ dànù. Mo ní kó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó ṣẹ́ ẹ mọ́nú, kó rán an mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.