Bí ẹ ṣe lè ka ECO 101 kó yé yín, kẹ́ ẹ má kàn há a sórí

ECO 101, ìyẹn kọ́ọ̀sì microeconomics táwọn ọmọ 100 level (ọdún kìíní ní yunifásítì) ń ṣe, máa ń ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu, torí wọ́n ti ṣe Economics ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n gba A tàbí B nínú WAEC, wọ́n wá rò pé ohun kan náà ni wọ́n tún fẹ́ ṣe. Orúkọ jọra lóòótọ́, demand (bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ ra ọjà tó) ṣì ni demand, àmọ́ ìbéèrè yàtọ̀. Ní WAEC ẹ lè ka ìdí márùn-ún tí demand fi ń lọ sókè sílẹ̀ kẹ́ ẹ gba máàkì yín. Ní yunifásítì wọ́n á sọ ìtàn kan fún yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ya gráàfù ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìlà tó sún, ibi tó sún sí, àti ibi tí price tuntun bọ́ sí. Ẹni tó kàn há nóòtì sórí, bíró á dúró lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Mo ti ń ṣe tutorial fáwọn ọmọ 100 level ọjọ́ ti pẹ́, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé ọwọ́ lèèyàn fi ń ka microeconomics, ojú nìkan ò tó.

Torí náà ẹ ra ìwé àjákọ tí ò ní nǹkan mìíràn nínú, pẹ́ńsù, rúlà àti ìréésà. Gbogbo gráàfù tí lẹ́kúrà bá yà lójúmọ́, ẹ tún un yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn láì wo nóòtì, ẹ kọ price sórí ìlà tó dúró, quantity sórí ìlà tó dùbúlẹ̀, ẹ wá fi ẹnu ara yín ṣàlàyé ẹ̀ bíi pé àbúrò yín ló jókòó síwájú yín. Ibi tí ẹnu yín bá ti wọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kò tíì yé yín, ibẹ̀ lẹ máa padà sí. Àwọn tó mọ Maths dáadáa, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn: wọ́n á fún yín ní Qd = 100 − 2P (Qd ni iye ọjà tí àwọn èèyàn fẹ́ rà, P ni price), ẹ̀yin á sì fẹ́ gbé Q sórí ìlà tó dúró torí òun ló dá dúró lápá òsì. Rárá o. Price ló ń wà lókè nínú Economics, àṣà yẹn ti wà látìgbà Alfred Marshall, onímọ̀ Economics ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 1890, kò sì sẹ́ni tó yí i padà. Bí wọ́n bá fi Qs = −20 + 4P, ìyẹn supply (iye tí àwọn olùtajà fẹ́ tà), kún un, ẹ mú méjèèjì dọ́gba, ibi tí wọ́n ti dọ́gba yẹn là ń pè ní equilibrium: 120 = 6P, P jẹ́ 20, Q jẹ́ 60. Ẹ fi 20 padà sínú méjèèjì kẹ́ ẹ rí i pé 60 náà ló jáde, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì ń gba máàkì là.

Ó wá ku ibi tó ń pa àwọn èèyàn jù, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ìlà sún àti kéèyàn rìn lórí ìlà. Ẹ jẹ́ ká fi tòmátì ṣe é. Lọ́dún 2016 kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kaduna àtàwọn ibòmíràn ní òkè ọya, ó bà á jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ tòmátì nínú oṣù karùn-ún, àwọn èèyàn tiẹ̀ ń pè é ní tomato Ebola. Owó tòmátì fò sókè lọ́jà. Tí wọ́n bá fi èyí bi yín, ẹ má tíì kọ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló yí padà? Kì í ṣe pé ará Èkó ṣàdédé wá fẹ́ràn ọbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń wọ Mile 12, ọjà tòmátì ńlá tó wà l'Ékòó, ló dín kù. Nítorí náà supply ló sún sápá òsì, demand wà níbi tó wà. Price wá gun òkè, àwọn ìyá tó ń ra apẹ̀rẹ̀ kan wá ń ra ìlàjì, ìyẹn ni pé a rìn gòkè lórí ìlà demand kan náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "demand dín kù" ti ṣì í, quantity demanded, ìyẹn iye tí wọ́n rà ní price tuntun, ló dín kù. Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ibẹ̀ lẹni tó ń máàkì ti máa mọ̀ bóyá ó yé yín.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o. Àwọn tí ò rí tòmátì rà yíjú sí tàtàṣé àti tòmátì inú agolo, demand tiwọn wá sún sápá ọ̀tún, torí price ọjà mìíràn ló fà á, kì í ṣe price tiwọn. Ẹ ya ìyẹn sí gráàfù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìbéèrè kan ló ń yanjú gbogbo ẹ̀: ṣé price ọjà yìí fúnra ẹ̀ ló yí padà àbí nǹkan mìíràn? Tó bá jẹ́ price ẹ̀ ni, ẹ rìn lórí ìlà. Tó bá jẹ́ owó tó ń wọlé fáwọn èèyàn ni, tàbí price ọjà mìíràn, ojú ọjọ́, owó epo tí mọ́tò fi ń kẹ́rù, ẹ sún ìlà.

Elasticity náà wà níbẹ̀, ìyẹn bí quantity ṣe ń yí padà tó tí price bá yí padà. Fọ́mùlá ẹ̀ ò le, ẹ pín ìdá ọgọ́rùn-ún tí quantity fi yí padà sí ti price, ohun tó túmọ̀ sí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń ta búrẹ́dì 60 lójúmọ́ ní ₦800, ó gbé e sí ₦1,000, ó wá ń ta 48. Price lọ sókè pẹ̀lú 25%, quantity já pẹ̀lú 20%, elasticity jẹ́ 0.8. Ó dáa. Ẹ wá ṣe é látẹ̀yìn wá, láti ₦1,000 sí ₦800: price já pẹ̀lú 20%, quantity lọ sókè pẹ̀lú 25%, ó di 1.25. Ọjà kan náà, oníbàárà kan náà, èsì méjì! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo midpoint, ìyẹn kẹ́ ẹ pín ìyàtọ̀ sí àárín méjì náà: 200 pín sí 900, 12 pín sí 54, méjèèjì jẹ́ 22.2%, elasticity jẹ́ 1 géérégé. Ẹ wá wo owó tó wọlé, 800 lọ́nà 60 jẹ́ ₦48,000, 1,000 lọ́nà 48 náà jẹ́ ₦48,000. Ohun tí 1 ń sọ fún yín gan-an nìyẹn, pé owó tó ń wọlé ò yí padà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ìṣirò yìí, kò tún nílò láti há a sórí mọ́.

Price ceiling àti price floor, orúkọ wọn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ceiling ni gbèdéke tí price ò gbọ́dọ̀ kọjá, torí náà ìsàlẹ̀ equilibrium lẹ máa yà á sí kó tó lè ṣiṣẹ́, floor sì máa wà lókè. Ìjọba ló ń dá price lé epo bẹntiróòlù títí di 29 May 2023 tí Ààrẹ Tinubu ní subsidy (owó tí ìjọba ń fi kún un kí epo má bàa wọ́n) ti lọ, lítà kan ò tó ₦200 nígbà yẹn, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti kọjá ₦480 l'Ékòó. Ẹ má pa ceiling àti subsidy pọ̀ o. Subsidy nìkan kì í dá láìnì sílẹ̀ nílé epo, price tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀ nígbà tí owó ìyàtọ̀ ò bá dé ọwọ́ ẹni tó ń kó epo wọlé. Fún floor, ẹ lo minimum wage (owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà) ₦70,000 ti 2024.

Utility, ìyẹn àǹfààní téèyàn ń rí nínú ohun tó rà, kì í le, ẹ ṣáà rántí pé náírà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ mú àǹfààní kan náà wá níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá ná an sí. Cost ló yẹ kẹ́ ẹ fún lákòókò. Ẹ jẹ́ ká ní télọ̀ kan ń san ₦6,000 bó rán aṣọ bí ò rán, total cost ẹ̀ wá jẹ́ 10,000 fún aṣọ kan, 13,000 fún méjì, 15,000 fún mẹ́ta, 18,000 fún mẹ́rin, 23,000 fún márùn-ún, 30,000 fún mẹ́fà. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣírò MC (marginal cost, owó tí aṣọ kan sí i fi kún total cost) àti ATC (average total cost, total cost pín sí iye aṣọ). MC máa jẹ́ 4,000, 3,000, 2,000, 3,000, 5,000, 7,000. ATC á máa wálẹ̀ títí dé 4,500 lórí ẹ̀kẹrin, á wá gòkè sí 4,600. Ìdí ẹ̀ rèé: MC dà bíi GPA sẹ́mẹ́sítà yìí, ATC dà bíi CGPA tó kó gbogbo sẹ́mẹ́sítà pọ̀. Bí GPA tuntun bá kéré ju CGPA, á fà á wálẹ̀, tó bá ti ga jù ú lọ, á gbé e sókè. Ìyẹn ló fà á tí MC fi ń gba ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí ATC kọjá. Bí price bá jẹ́ ₦5,000, télọ̀ wa á dúró sórí ẹ̀karùn-ún níbi tí MC ti dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, èrè ẹ̀ jẹ́ ₦2,000, ẹ̀kẹfà á gbé èrè yẹn lọ pátápátá.

Tí lẹ́kúrà yín bá ń sáré jù, Khan Academy ní microeconomics lọ́fẹ̀ẹ́, MIT OpenCourseWare náà gbé 14.01, kọ́ọ̀sì microeconomics tiwọn, síta, àmọ́ ẹ máa dá fídíò dúró kẹ́ ẹ ya gráàfù náà kí olùkọ́ tó yà á. Past question, ẹ má ka ìdáhùn ẹlòmíràn, ẹ jókòó pẹ̀lú aago, ẹ ṣe é tán, kẹ́ ẹ tó fi wé ti ọ̀rẹ́ yín. Tẹ́ ẹ bá sì dé họ́ọ̀lù ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ ya gráàfù kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kankan, ẹ kọ orúkọ sára gbogbo ìlà, ẹ fi àmì ọfà sí ibi tí ìlà sún sí, ẹ kọ P1 (price àtijọ́) àti P2 (price tuntun) sí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ yà.