Bẹ́ ẹ ṣe lè wọ kọ́ńsóòlù LPAR láti ibi yòówù tẹ́ ẹ bá wà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú sẹ́fà IBM Power tí wọ́n ti pín sí LPAR mélòó kan (ìpín sẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ bíi sẹ́fà tó dá dúró), ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró dìgbà tí SSH (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ sẹ́fà látorí nẹ́tíwọ̀kì) bá kọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ kọ́ńsóòlù, ìyẹn skíríìnì àti kíbọ́ọ̀dù LPAR fúnra ẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì inú LPAR lè kú, LPAR fúnra ẹ̀ lè kọ̀ kó má búùtù, kọ́ńsóòlù á ṣì ṣí torí HMC (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí àwọn sẹ́fà Power) ló ń gbé e wá, kò gba inú nẹ́tíwọ̀kì LPAR yẹn kọjá rárá.

Tó bá jẹ́ AIX (Unix ti IBM) tàbí Linux ló wà nínú LPAR, ẹ fi SSH wọ HMC. Tí kò bá gbà, ẹni tó wà nídìí HMC lè fi `chhmc -c ssh -s enable` ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa lo hscroot (àkáǹtì alábòójútó HMC) o, ẹ ṣí àkáǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ṣe kiní, pásíwọ́ọ̀dù abc123 tí hscroot máa ń bá wá látilẹ̀ náà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ tẹ `vtmenu`, ó máa to àwọn sẹ́fà jọ, ẹ mú nọ́ńbà kan, ó tún máa to àwọn LPAR jọ, ẹ mú tiyín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ wọn wọlé, èyí yá ju ìyẹn lọ; méjì àkọ́kọ́ máa fi orúkọ sẹ́fà àti LPAR hàn yín, ìkẹta ló ń ṣí kọ́ńsóòlù (ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò SẸFA àti LPAR):

`lssyscfg -r sys -F name`
`lssyscfg -r lpar -m SẸFA -F name,state`
`mkvterm -m SẸFA -p LPAR`

Tí skíríìnì bá ṣófo, ẹ tẹ Enter, kò tíì bàjẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà lórí kọ́ńsóòlù LPAR kan lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ní ẹnìkan ti wà níbẹ̀, `rmvterm -m SẸFA -p LPAR` máa lé e jáde, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ná, torí ó lè jẹ́ fsck (àyẹ̀wò àti àtúnṣe fáìlì inú dísìkì) lẹni yẹn ń ṣe lọ́wọ́.

Jíjáde gan-an ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. `~.` ni wọ́n fi ń jáde, ṣùgbọ́n SSH tiyín ló máa gbà á mú tó sì máa já yín kúrò lórí HMC pátápátá, torí náà `~~.` ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ tẹ `exit` kúrò nínú root (àkáǹtì tó láṣẹ lórí gbogbo nǹkan), nítorí títi fèrèsé kò sọ pé ẹ ti kúrò nínú LPAR, ẹni tó bá ṣí kọ́ńsóòlù yẹn lẹ́yìn yín lè bá root yín níbẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀, kò sì ní tẹ pásíwọ́ọ̀dù kankan.

LPAR tó bá ní IBM i (sísítẹ́ẹ̀mù IBM míì) ò rí bẹ́ẹ̀, 5250, ìyẹn irú skíríìnì tiẹ̀, ló ń lò. Nínú Access Client Solutions (ètò IBM tó ń ṣí skíríìnì 5250 lórí kọ̀ǹpútà yín), ẹ fi àdírẹ́sì HMC sí i, pọ́ọ̀tù 2301 tó ní SSL (2300 ò ní), kẹ́ ẹ sì rí i pé fáyàwọ́ọ̀lù HMC gbà á láyè. Ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì HMC, ẹ mú sẹ́fà, lẹ́yìn náà LPAR: 1 ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wà níbẹ̀, 2 ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíì lè bá yín wò ó, ẹ máa fún un ní kọ́ọ̀dù kan tí ẹni náà á tẹ̀ kó tó wọlé. 2 ni èmi máa ń mú nígbà gbogbo tó bá jẹ́ GO SAVE 21 (bákọ́ọ̀pù gbogbo sísítẹ́ẹ̀mù) ni mo fẹ́ ṣe, torí iṣẹ́ yẹn ń ti gbogbo sọ́bsísítẹ́ẹ̀mù yòókù pa, kọ́ńsóòlù nìkan ló ṣẹ́kù, ó sì dáa kí ojú méjì wà lára ẹ̀.

Ẹ má gbé HMC síta sórí íntánẹ́ẹ̀tì, VPN ni kẹ́ ẹ gbà wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, ẹ ṣí kọ́ńsóòlù LPAR kọ̀ọ̀kan wò. Tẹ́ ẹ bá rí Linux kan tí kò béèrè orúkọ yín bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ Enter tó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá `console=hvc0` wà nínú ohun tí kernel fi ń búùtù, kí getty (ètò tó ń béèrè orúkọ) sì wà lórí hvc0, ìyẹn kọ́ńsóòlù LPAR yẹn.