Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìròyìn Aláriwo

Bí a kò bá fẹ́ kí ìwé ìròyìn aláriwo tàn wá jẹ, ká má tíì gba àkọlé gàdàgbà ojú ìwé kìíní gbọ́ títí a ó fi rí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà àti bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Maine, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó bú gbàmù ní èbúté Havana ní Kúbà ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1898, tí èèyàn tó lé ní 260 sì bá a lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ 17, kí ìgbìmọ̀ ìwádìí tó jókòó rárá, ìwé ìròyìn aláriwo kan, New York Journal, ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, ó sì ṣèlérí 50,000 dọ́là fún ẹni tó bá tú àṣírí ọ̀daràn náà. Owó yẹn gan-an ló yẹ kó ta òǹkàwé lólobó, nítorí ẹni tó ti mọ ọ̀daràn kì í tún fi owó wá a.

Lẹ́yìn èyí, ká fi ìwé ìròyìn mìíràn wé e.

Àmọ́ ká má sọ gbogbo rẹ̀ nù: New York World, ìwé ìròyìn aláriwo bíi ti Journal, ló gbé ìròyìn Nellie Bly, obìnrin oníròyìn, jáde ní 1887, èyí tó tú àṣírí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn obìnrin ní ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ.